Láti Ẹnu Ẹwìrì dé Ìta Gbangba: Ọ̀rọ̀ Lórí Àwọn Alágbẹ̀dẹ Tí Ó Sọ Irin Di Iṣẹ́ Ọnà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba ọ̀nà Ìkòròdú láti ìhà Maryland, tí ó kọjá Ọjọ́ta àti Kétu, tí ó sì la ariwo àwọn aláta àti àwọn onítòmátò Mile 12 já, kì yóò pẹ́ dé ibi tí a ń pè ní Owódé Onírin. Orúkọ náà ti sọ ara rẹ̀: owó dé, irin ni ó sì mú un wá. Níbẹ̀ ni a ti ń tú ọkọ̀ tí kò lè rìn mọ́ palẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ níhìn-ín, ẹ́ńjìnì rẹ̀ lọ́hùn-ún, pẹ̀lú òkìtì ṣéènì, páìpù, gíà, bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni kò lè kà tán. Èyí tí ó bá ṣì wúlò nínú wọn, àwọn mẹkáníìkì a rà á; èyí tí kò bá wúlò mọ́, a ó gbé e lé orí ìwọ̀n, a ó sì rù ú lọ sí ilé iṣẹ́ tí a ti ń yọ́ irin, kí ó lè padà wá di ọ̀pá tí àwọn kọ́lékọ́lé ń rì mọ́ inú kọnkéré. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ọ̀nà méjì péré yìí ni irin àlòkù ní.

Ọ̀nà kẹta kan wà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni a sì fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà, panẹ́bítà tàbí alágbẹ̀dẹ ní agbègbè Kòsọ́fẹ́, ìbáà ṣe ní Kétu, ní Ìkòsì tàbí ní Ògùdù. Púpọ̀ nínú wa gbà pé iṣẹ́ wẹ́dà kò ju géètì, ilẹ̀kùn irin àti irin ojú fèrèsé lọ. Bí ọmọ bá wá mú àjákù irin ní ọjọ́ kan, tí ó jó ṣéènì mọ́ gíà, tí ó fi ṣíbí ṣe ìyẹ́ apá, tí ohun náà sì di ẹyẹ, bàbá rẹ̀ yóò bi í léèrè pé ta ni yóò ra á. Ìbéèrè náà tọ́. Àwa kì yóò fi òbí tí ó béèrè rẹ̀ ṣẹ̀sín, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ ni a fi ń bọ́ ilé, owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn àbúrò kì í sì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹwà. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan ti wà fún un ní ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ẹnu iná àgbẹ̀dẹ ni ìdáhùn náà sì ti jáde.

Ní Òṣogbo ni a bí Àṣírù Ọlátúndé ní ọdún 1918, nínú ìdílé àwọn alágbẹ̀dẹ. Iṣẹ́ tí ó bá nílé ni ó kọ́. Ẹni tí kò bá dúró nínú àgbẹ̀dẹ rí lè rò pé iṣẹ́ agbára lásán ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Ọmọ tí ń fẹ ẹwìrì gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí iná tó àti ìgbà tí ó pọ̀ jù. Ẹni tí ó di ẹ̀mú mú gbọ́dọ̀ fi ojú mọ àwọ̀ irin, nítorí irin tí ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ kò rọ̀ tó èyí tí ó pọ́n bí ọsàn tí ó ti pọ́n dáadáa, èyí tí ó bá sì funfun jù ti ń jóná lọ. Irin kì í dúró de ẹni tí ó rẹ̀. Bí a kò bá lù ú nígbà tí ó gbóná, a ó tún dá a padà sínú iná ni, èédú mìíràn yóò sì run. Ọdún púpọ̀ ni a fi ń kọ́ èyí, ara ni a sì fi ń san owó rẹ̀.

Ara náà ni ó kọ̀ fún Àṣírù. Àìsàn ọkàn dé sí i, kò sì lè fi òòlù ńlá lu irin tí ó wúwo mọ́. Ẹ jẹ́ kí a ro ohun tí èyí jẹ́ fún ọkùnrin tí ó ní ìdílé láti bọ́, tí kò sì ní ohun ìní mìíràn ju agbára apá rẹ̀ lọ. Òmíràn ìbá ti jókòó sí ẹ̀yìn ilé, kí ó máa retí ohun tí àwọn ará yóò fi ránṣẹ́. Àṣírù yí padà sí iṣẹ́ tí kò wúwo, ó ń fi bàbà ṣe ohun ọ̀ṣọ́ kéékèèké.

Ní àkókò náà, Ulli Beier, ọmọ Jámánì kan tí ó ti dé Nàìjíríà ní ọdún 1950 láti wá kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, ń gbé ní Òṣogbo. Òun àti Susanne Wenger, obìnrin ará Austria tí ó jẹ́ ayàwòrán, ti fi ìlú náà ṣe ilé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni Beier rí iṣẹ́ bàbà kéékèèké tí Àṣírù ń ṣe, ó sì rí i pé ẹni tí ó ṣe wọ́n ní ojú tí kì í ṣe ti gbogbo ènìyàn. Ó gbà á níyànjú pé kí ó fẹ iṣẹ́ náà. Ohun tí a lè fi mọ́ òfìfo etí, Àṣírù bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú sí ojú páànù bàbà tí ó fẹ̀. Nígbà tí bàbà sì wọ́n, ó mú alumíníọ́ọ̀mù.

A fẹ́ kí ẹ fojú inú wo bí ó ti ń ṣe é. Yóò tẹ́ páànù náà sílẹ̀, yóò mú òòlù kékeré àti irin ṣóńṣó tí kò mú jù, kí ó má bàa lu páànù náà já. Yóò fi ìlà yí ẹranko ká, yóò sì máa fi àmì wẹ́wẹ́ bí ọkà bàbà lu gbogbo ilẹ̀ tí ó yí i ká, títí ilẹ̀ náà yóò fi rẹlẹ̀, tí ẹranko náà yóò sì gbé ara sókè bí ẹni pé ó ń jáde bọ̀. Igi ńlá ni ó fẹ́ràn jù, pẹ̀lú ẹyẹ lórí ẹ̀ka rẹ̀ gbogbo àti ẹranko ní abẹ́ rẹ̀. Ó ṣe ọba lórí ẹṣin pẹ̀lú àwọn tí ń fọn fèrè àti àwọn tí ń lu ìlù. Ó ṣe ìtàn inú Bíbélì pẹ̀lú: ẹni tí ó bá rí Ádámù àti Éfà rẹ̀ nínú ọgbà Édẹ́nì yóò mọ̀ pé ọgbà Òṣogbo ni, ewé ilẹ̀ wa ni ewé rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní Òṣogbo, ó dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ó sì wà ní àwọn ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé níbẹ̀ títí di òní. Ọkùnrin tí àìsàn lé kúrò nídìí owú tún fi òòlù jẹun fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kí ó tó kú ní ọdún 1993.

Ní ti àwa, ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí àwọn òbí ṣàkíyèsí. Beier kò kọ́ Àṣírù bí a ti ń lu òòlù. Kò lè kọ́ ọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ojú ni ó yá a, ó sì mú àwọn olùrà wá. Ọwọ́ tí ó mọ ìwọ̀n ìlù tí páànù lè gbà kí ó tó ya, inú àgbẹ̀dẹ bàbá rẹ̀ ni ọwọ́ náà ti gbọ́n. Ní Òṣogbo kan náà ni Adébísí Àkànjí, tí ó jẹ́ bíríkìlà, ti fi sìmẹ́ǹtì ṣe iṣẹ́ ọnà pẹ̀lú Susanne Wenger nínú igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005. Kò sí èyí tí ó fi iṣẹ́ àárọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n kàn rìn jìnnà sí i nínú rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè sọ pé páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ti Àṣírù, ara ògiri ni ó sì ń gbé. Irin gidi ńkọ́, èyí tí ó ga tó ènìyàn, tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀? Fún èyí a ní láti kọjá sí ilẹ̀ àwọn aládùúgbò wa ní Dàhómì, tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí.

Alágbẹ̀dẹ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Akati Ekplékendo. Ẹni tí a kó lógun ni, a mú un wá sí Àgbómè nígbà ayé ọba Ghezo. Ghezo kú ní ọdún 1858, Glèlè ọmọ rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Ère kan tí Akati fi irin ṣe ní àkókò yẹn ni a fi ń ránti rẹ̀: ère Gou, ẹni tí ó jẹ́ fún àwọn ará Dàhómì bí Ògún ti jẹ́ fún àwọn baba ńlá wa. Ó ga tó ènìyàn. Ó ń gbé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń lọ sójú ogun, ẹ̀wù rẹ̀ jẹ́ páànù irin tí a gé, tí a sì ká bí aṣọ. Lórí adé rẹ̀ ni ọkọ́, ọ̀bẹ àti oríṣìíríṣìí irinṣẹ́ kéékèèké dúró sí bí igbó. Irin tí ó ti Yúróòpù wá ni a fi ṣe é. Kò sí ẹ̀rọ wẹ́dà ní ayé ìgbà náà, kò sí gáàsì, kò sí iná mànàmáná. Lílù, gígé àti kíkàn ni Akati fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó sì dúró.

Nígbà tí àwọn Faransé bá Dàhómì jagun láti ọdún 1892 títí di ọdún 1894, wọ́n rí ère yìí ní Ouidah, wọ́n sì gbé e lọ sí Párísì. Láti ọdún 2000 ni ó ti wà nínú ilé Louvre, láàárín àwọn iṣẹ́ tí gbogbo ayé ń wá wò. Ní ọdún 2021, ìjọba Faransé dá ohun ìṣúra 26 padà fún àwọn ará Bẹ̀nẹ̀. Ère Gou kò sí nínú wọn. Ẹni tí a kó lógun ni ó ṣe ère náà, a sì tún kó ère náà lógun. A kò mọ ìtàn mìíràn tí ó ṣe irú èyí.

Àwọn kan nínú ilé Kristẹni a máa fà sẹ́yìn bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ère, pàápàá bí irin bá wà níbẹ̀, nítorí wọ́n rántí ajá tí a fi ń bọ Ògún ní ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ. A kò kọ̀ ọ́ pé ère Akati, ère òrìṣà ni nígbà tí a ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ìwé Ẹ́kísódù yóò bá Besaleli pàdé níbẹ̀, ẹni tí a fún ní ọgbọ́n láti fi wúrà, fàdákà àti idẹ ṣe iṣẹ́ ọnà fún àgọ́ ìpàdé. Ẹni tí ó bá sì ka ìwé Àwọn Ọba yóò rí Hiramu ará Tire, alágbẹ̀dẹ idẹ, tí Sólómọ́nì ránṣẹ́ pè. Ẹṣin irin tí ọmọ yín bá jó pọ̀ ní ìsọ̀ kò béèrè ẹbọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ní ti ìta gbangba, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kedere tó ti David Smith, ará Amẹ́ríkà. A bí i ní ọdún 1906. Ní ọdún 1925, nígbà tí kò tí ì pé ogún ọdún, ó wọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Studebaker ní ìlú South Bend, níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bí a ti ń jó irin pọ̀. Lẹ́yìn èyí ó lọ kọ́ àwòrán yíyà ní New York, ó sì rò pé òun ti fi irin sílẹ̀. Nígbà tí ó rí àwòrán àwọn iṣẹ́ irin tí Picasso àti Julio González ti ṣe ní Faransé, ó mọ̀ pé ohun tí òun ti mọ̀ láti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè di iṣẹ́ ọnà. (González yìí pẹ̀lú, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Renault ni ó sì ti kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà ní ọdún 1918. Ó jọ pé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ti bí oníṣẹ́ ọnà ju bí àwọn tí ó ni wọ́n ti rò lọ.) Smith gba àyè sínú ilé iṣẹ́ àwọn wẹ́dà kan lẹ́bàá omi ní Brooklyn, ó sì ń ṣe ère láàárín àwọn tí ń tún irin ọkọ̀ ojú omi ṣe. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ó padà sí iṣẹ́ wẹ́dà, ó ń jó ọkọ̀ ogun àti ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú irin pọ̀ ní ìlú Schenectady.

Ó fi orí òkè kan ní Bolton Landing ṣe ibùjókòó, ó sì tò àwọn iṣẹ́ rẹ̀ sínú pápá tí ó yí ilé rẹ̀ ká bí àgbẹ̀ ti ń to ebè. Òjò ń rọ̀ sí wọn, yìnyín ń bò wọ́n, oòrùn ń tàn sí wọn. Ní ọdún 1962, a pè é sí Ítálì. A fún un ní ilé iṣẹ́ irin kan tí a ti pa tì ní Voltri, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ tí yóò ràn án lọ́wọ́, ó sì fi irin tí ó bá nílẹ̀ níbẹ̀ ṣe ère 27 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ẹ tún kà á: ère 27, ọgbọ̀n ọjọ́, irin tí àwọn ẹlòmíràn ti pa tì. Ọ̀nà kẹta tí a ń sọ nìyẹn. Ó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ ní ọdún 1965.

Ní orílẹ̀-èdè wa, àwọn tí ń fi irin àlòkù ṣe ère kò ṣọ̀wọ́n mọ́. Olu Amoda, tí a bí ní Warri ní ọdún 1959, tí ó sì ti kọ́ àwọn ọmọ ní Yaba fún ọ̀pọ̀ ọdún, gba ẹ̀bùn ńlá níbi àfihàn Dakar ní ọdún 2014, iṣẹ́ rẹ̀ tí a sì fi orúkọ òdòdó tí ń wo oòrùn pè, irin àlòkù ni. Dótun Pópóọlá, tí ó kàwé ní Yunifásítì Ifẹ̀, lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ John Lopez, ẹni tí ń fi irin àwọn ẹ̀rọ oko tí ó ti bàjẹ́ ṣe ẹṣin àti màlúù, ó sì padà wá ń fi irú irin tí ó kún Owódé ṣe ẹranko àti orí ènìyàn tí ó tóbi. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ilé ẹ̀kọ́ ni àwọn wọ̀nyí ti wá bá irin. Àwọn tí ó ti ìdí irin wá sí iṣẹ́ ọnà, gẹ́gẹ́ bí Àṣírù, ni ó ṣọ̀wọ́n. Èrò tiwa ni pé ọgbọ́n kò wọ́n àwọn ọmọ ìsọ̀. Kò sí ẹni tí ó fi pẹ́ńsù àti ìwé lé wọn lọ́wọ́ ni. Ọ̀gá wẹ́dà a máa fi ṣọ́ọ̀kì ya géètì sórí ilẹ̀ kí ó tó gé irin rẹ̀. Àwòrán yíyà ni èyí pẹ̀lú, bí a kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí a bá jẹ́ kí ó lọ sí ibi tí a ti ń kọ́ àwòrán ní ọ̀sán Sátidé, kò ní gbàgbé bí a ti ń ṣe géètì nítorí èyí.

Ìta gbangba ní ìyà tirẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Ọ̀tá irin ni ìpáàrà. Níbi tí afẹ́fẹ́ àti omi bá ti pàdé lára irin ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, iyọ̀ tí afẹ́fẹ́ òkun ń gbé wá sì ń mú un yára. Ẹni tí ó ń gbé Èkó kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún un, ó ti rí òrùlé ilé rẹ̀. Ní apá Agboyi àti ní ẹ̀yìn Mile 12, odò Ògùn a tún máa kún wọ àdúgbò ní ìgbà òjò, omi náà a sì dúró ní ẹsẹ̀ géètì fún ọjọ́ púpọ̀. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dà á rú: Ògùn ni odò, Ògún ni ti àwọn alágbẹ̀dẹ. Lójú tiwa, odò náà ni ó ń jẹ ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń ṣe.)

Ní ìlú Gateshead ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ère irin kan wà tí Antony Gormley gbèrò rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Áńgẹ́lì Àríwá. Ọdún 1998 ni a gbé e dúró. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 20, láti orí apá kan dé èkejì jẹ́ mítà 54, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó 200 tọ́ọ̀nù. Àwọn òṣìṣẹ́ irin ní Hartlepool ni wọ́n gé e, tí wọ́n sì jó o pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ wọn kò hàn bí ti ẹni tí ó gbèrò rẹ̀. A kò kun ún ní ọ̀dà. Irin tí a fi ṣe é ní bàbà díẹ̀ nínú, ìpáàrà tí ó kọ́kọ́ bò ó sì di aṣọ tí kò jẹ́ kí ìpáàrà mìíràn wọlé. Ṣùgbọ́n irú irin bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dáadáa níbi tí iyọ̀ òkun ti pọ̀ tàbí tí ara rẹ̀ kì í ti í gbẹ, nítorí náà kí oníṣẹ́ ọnà Èkó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé e. Ọ̀dà ni tiwa, bí ti ọkọ̀ ojú omi.

Ìyà kejì ni ti ènìyàn. Àwọn olè ń tú irin ojú afárá àti ìdérí kòtò ojú pópó, wọ́n sì ń tà á ní ìwọ̀n kílò. Ère tí a bá gbé kalẹ̀ láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ kò ju irin lọ lójú irú wọn. Ìyà kẹta kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣẹlẹ̀ ní èbúté wa. Sokari Douglas Camp, ọmọ Buguma tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, fi irin ṣe ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan ní ọdún 2006 ní ìrántí Ken Saro-Wiwa, ẹni tí ìjọba ológun pa ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá ọdún 1995. Nígbà tí ogún ọdún ikú náà ń pé bọ̀ ní ọdún 2015, a fi bọ́ọ̀sì náà ránṣẹ́ sí ilé, kí ó lè dúró ní ilẹ̀ Ògóni. Àwọn aṣọ́bodè gbẹ́sẹ̀ lé e ní èbúté Èkó nítorí ọ̀rọ̀ òṣèlú tí ó wà lára rẹ̀. Ìwé tí ó sọ ohun kan náà ti wà nínú ilé ìtàwé láti ọdún mélòó kan, kò sì sí ẹni tí ó dá a dúró. Irin tí ó dúró sí ojú ọ̀nà ni ẹ̀rù bà wọ́n.

Ní Kòsọ́fẹ́ fúnra rẹ̀, àwọn ará Ọjọ́ta mọ ohun tí ère ojú ọ̀nà jẹ́. Ní ọgbà tí a fi sọrí Gani Fawehinmi ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn péjọ sí ní oṣù kìíní ọdún 2012 nígbà tí owó epo fò sókè, níbẹ̀ náà ni Gómìnà Akinwunmi Ambode ti ṣí ère gíga agbẹjọ́rò náà ní ọdún 2018. Láti Ọjọ́ta sí Owódé Onírin kò jìnnà. Ohun tí a ṣe ère sí àti ohun tí a lè fi ṣe ère wà ní ojú ọ̀nà kan náà, a sì fẹ́ kí àwọn tí ń jó irin láàárín wọn máa wo ọ̀tún àti òsì.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ díẹ̀ fún ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó jó irin láìsí awò dúdú ní ojú. Ìmọ́lẹ̀ iná wẹ́dà a máa jó ẹyinjú bí oòrùn ti ń jó awọ ara. Ọmọ náà kò ní mọ̀ ní ọ̀sán, ṣùgbọ́n ní òru yóò máa pariwo pé iyanrìn wà ní ojú òun. Omi ọmú àti oríṣìíríṣìí oògùn tí àwọn ọmọ ìsọ̀ máa ń kán sí i kò dára. Kí ó lọ rí àwọn oníṣègùn. Bí ó bá ń jó páànù tàbí páìpù tí a fi síńkì bò, kí ó kọ́kọ́ há síńkì náà kúrò, kí ó sì ṣiṣẹ́ níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, nítorí èéfín rẹ̀ a máa fa òtútù àti ibà tí ọ̀pọ̀ ń ṣì pè ní ibà ẹ̀fọn. Kí ó má sì ṣe fi iná kan táǹkì epo tàbí agolo tí kò mọ ohun tí ó ti wà nínú rẹ̀ rí. Táǹkì tí ó ṣófo léwu ju èyí tí ó kún lọ, nítorí èéfín epo ni ó kù sínú rẹ̀.

Bí ó bá fẹ́ ṣe ère àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ó lọ sí Owódé ní òwúrọ̀, kí ó sì ra irin tí ó jọ ara wọn ní nínípọn, nítorí èyí tí ó nípọn kì í tètè gba iná nígbà tí èyí tí ó fẹ́lẹ́ ti ń lu. Kí ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ epo àti ìpáàrà kúrò kí ó tó jó o. Kí ó má ṣe fi ihò sílẹ̀ níbi tí omi òjò lè dúró sí. Bí ihò kan bá sì wà tí kò ṣeé dí, kí ó lu ojú mìíràn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè jáde. Kí ó kun ún ní ọ̀dà pupa tí a fi ń kọ́kọ́ kun géètì, ẹ̀ẹ̀mejì, títí dé abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ojú kò tó, kí ó tó fi ọ̀dà tí ó wù ú kun orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ère náà ni kí ó sì máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ìpáàrà ti ń kọ́kọ́ jẹ ẹ́.